Ibi tí omi àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì inú motorhome ti ṣẹ̀ wá

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ìyàwó mi háyà motorhome, ìyẹn mọ́tò tí wọ́n kọ́ ilé sínú ẹ̀, lọ sí Wales, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ sára ògiri nínú ọgbà tá a páàkì sí, níbi tí àwọn onírú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń sùn, ló rú mi lójú: ELSAN. Mo gbé àpótí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa dání, ó ti kún, ó wúwo, mò ń wá ibi tí màá dà á sí, mo ti kọjá níwájú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé orúkọ èèyàn kan ni, àfìgbà tí bàbá òyìnbó kan tó ń fọ tiẹ̀ lọ́wọ́ pè mí pé ibí ni wọ́n ń dà á sí. Bàbá yẹn náà ló fi bọ́tìnnì kékeré kan hàn mí lára àpótí náà, ó ní tí n bá ń dà á kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa ta sí mi lára. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì ń dà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí epo ṣe ń dà látinú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti dá ihò sí lókè. Látọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn, mo ti kà nípa ẹ̀ gan-an, ohun tí mo sì rí ni pé bí wọ́n ṣe máa gbé omi wọ inú ọkọ̀ ò pẹ́ tó fi yé wọn, ibi tí omi yẹn máa gbà jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó tán, àti ẹni tó máa gbé e, ìyẹn ló gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Dókítà ará Scotland kan, William Gordon Stables, ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn káráfàànù ìgbafẹ́, ìyẹn ilé kékeré tí ẹṣin tàbí mọ́tò máa ń fà. Ó ti ṣe dókítà nínú ọkọ̀ ojú omi ológun Gẹ̀ẹ́sì kó tó di òǹkọ̀wé. Lọ́dún 1885 ó ní kí wọ́n kan ọkọ̀ onígi fóun ní Bristol, ó pè é ní The Wanderer, ẹṣin méjì ló ń fà á, wọ́n sì fà á láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Inverness lókè Scotland lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ọ̀hún wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù méjì láìtíì gbé nǹkan kan sí i. Ẹ wá rò ó wò, lítà omi kan, kílò kan ni, tẹ́ ẹ bá gbé 100 lítà sínú ẹ̀, ẹ ti di 100 kílò mọ́ ẹṣin lára nìyẹn, kẹ́ ẹ tó gun òkè kankan. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ìṣirò yẹn ò tíì yí padà, ẹni tó bá ń wa motorhome lónìí tó rọ omi kún táǹkì bámúbámú kó tó kúrò nílé máa rí i lára epo tó ń jó, á sì rí i lára bíréèkì náà.

Nígbà tí mọ́tò dé, ilé-iṣẹ́ mọ́tò Pierce-Arrow ti Buffalo l'Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kan wá síbi àfihàn mọ́tò ní Madison Square Garden ní New York lọ́dún 1910, Touring Landau lorúkọ ẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀ ṣeé tẹ́ bíi bẹ́ẹ̀dì, báásìn ìfọwọ́ kan wà tó ń ṣí wálẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó dírẹ́bà, wọ́n sì fi póò síbẹ̀. Póò ni o, irú èyí tí àwọn ìyá wa àgbà máa ń gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tẹlifóònù wà tí ọ̀gá fi ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, àwọn tó ṣe ọkọ̀ yẹn ò ronú nípa ìgbẹ́ rárá, torí ọkọ̀ olówó ni, ọmọ ọ̀dọ̀ ò sì ní wọ́n olówó. Bó ṣe rí l'Ékòó náà nìyẹn láyé ilé ìyàgbẹ́ oníbáàkẹ́ẹ̀tì, agbépòó á wá lóru, á gbé e rù, á lọ, ẹni tó lò ó kì í rí ibi tó ń bá a lọ, àwọn ọmọ sì máa ń fi agbépòó ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí gbogbo àdúgbò là ló ń ṣe. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Àwọn tí ò ní ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Lọ́dún 1919 àwọn kan tó ń fi mọ́tò rìnrìn àjò kóra jọ ní Tampa ní Florida, wọ́n ń pe ara wọn ní Tin Can Tourists. Tẹ́ǹtì ni wọ́n ń so mọ́ mọ́tò, omi inú ọgbà ni wọ́n ń pọn, ṣàláńgá ọgbà ni wọ́n ń lò. Nígbà tí Wally Byam tó dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀ gbé káráfàànù Clipper jáde ní 1936, ó gbé omi tiẹ̀ dání, iná ẹ̀lẹ́tíríkì sì wà nínú ẹ̀, ìyẹn ti jẹ́ ohun ńlá láyé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ káráfàànù ìgbà náà ò ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ àjùmọ̀lò ló wà láàrin ọgbà, èèyàn á gbé tọ́ọ̀ṣì lóru á lọ síbẹ̀. Àwọn tó tiẹ̀ wá ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú káráfàànù wọn lẹ́yìn ìgbà náà, páìpù kan ló ń gba abẹ́ ọkọ̀ jáde lọ tààrà sínú kòtò ọgbà. Tó o bá ti kúrò lórí kòtò yẹn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ ò wúlò mọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri ní Wales ti wá. Orúkọ èèyàn ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ephraim Louis Jackson ló mú lẹ́tà E àti L lára orúkọ ẹ̀, ó fi "san" tó wá látinú sanitation kún un, ó di Elsan. Ní àwọn ọdún 1920 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta á: báàkẹ́ẹ̀tì oníjókòó tó ní ìdérí, wọ́n á da kẹ́míkà sí ìdí ẹ̀ kí òórùn má baà jáde. Kò nílò páìpù, kò nílò omi tó ń ṣàn, torí ẹ̀ ló ṣe wúlò níbi tí kò sí nǹkan kan. Nígbà ogun àgbáyé kejì wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù, irú bíi Lancaster, àwọn ọmọ ogun ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá, torí tí ọkọ̀ bá ti ń yí gbirigbiri lójú ọ̀run láti sá fún ọ̀tá, ohun tó wà nínú báàkẹ́ẹ̀tì á dà sílẹ̀. Ogun parí, àwọn èèyàn gbé Elsan wọnú káráfàànù, wọ́n á dá tẹ́ǹtì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀, ọgbà tí kò bá ní ibi ìdàsí, wọ́n á gbẹ́ ihò. Bó ṣe di pé títí dòní, ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nù, kódà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì tìẹ kì í bá ṣe Elsan, Elsan point náà ni wọ́n ń pè é.

Ti omi ò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń lo pọ́ǹpù àfọwọ́fà àti àfẹsẹ̀tẹ̀, èèyàn á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, omi á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà l'Amẹ́ríkà wọ́n ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sínú táǹkì omi kí atẹ́gùn lè máa ti omi jáde, ìyẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ táǹkì gbọ́dọ̀ nípọn, tí ibì kan bá sì ń yọ atẹ́gùn, omi ò ní jáde. Pọ́ǹpù kékeré oníbátìrì 12 volt ló gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ilé-iṣẹ́ SHURflo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní 1968 wà lára àwọn tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Rọ́bà kan wà nínú ẹ̀ tó ń wú tó ń sọ̀, tó o bá ṣí táàpù, omi inú páìpù á dẹ̀, suwíìṣì á mọ̀, pọ́ǹpù á ké gìrìrì, tó o bá ti táàpù, á dákẹ́. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ lóru: tí pọ́ǹpù bá ké fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò ṣí táàpù, omi ń jò níbì kan nìyẹn.

Ká padà sórí ìdọ̀tí. Lọ́dún 1957 Airstream gbé International jáde, ìyẹn káráfàànù tí wọ́n ṣe kó lè dá dúró fúnra ẹ̀, omi gbígbóná, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, gáàsì, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀ láìsí pé wọ́n so ó mọ́ nǹkan kan níta. Ní 1959 Byam kó káráfàànù 41 láti Cape Town, wọ́n gba inú ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Cairo, ọba Haile Selassie sì gbà wọ́n lálejò ní Ethiopia. Ohun tó wá jẹ́ kí èèyàn lè máa gbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ rìnrìn àjò ni táǹkì ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ ọkọ̀, kòtò tó ń bá ọ lọ síbi tó o bá ń lọ. Wọ́n wá pín in sí méjì: táǹkì dúdú fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì, táǹkì eérú fún omi àwo àti omi ìwẹ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé wa ní ọ̀pá tó tẹ̀ kọrọdọ tí omi máa ń dúró sí kí òórùn má padà wọlé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sáré máa da omi yẹn nù, nítorí náà wọ́n fi ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan tó ní rọ́bà létí dípò ẹ̀, omi díẹ̀ á dúró lórí ẹ̀, páìpù kan á sì gbé òórùn gba orí òrùlé jáde. Tí rọ́bà yẹn bá gbẹ tó sán, gbogbo inú ọkọ̀ á mọ̀. Ohun míì tí àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á so họ́ọ̀sì mọ́ kòtò ọgbà, wọ́n á ṣí fáàfù táǹkì dúdú kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, omi á ti ṣàn lọ, èyí tó le á jókòó síbẹ̀ á ga bí òkìtì ọ̀gán. Ẹ tì í, ẹ jẹ́ kó kún dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ wá fi omi eérú ṣan họ́ọ̀sì gbẹ̀yìn.

Ilé-iṣẹ́ Winnebago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe motorhome ní Iowa l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1966, ọkọ̀ wá pọ̀ lójú títì, ibi ìdàsí ò sì tó wọn. Àárín ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe ohun kan tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí, Thermasan. Pọ́ǹpù á máa fa omi ìgbẹ́ látinú táǹkì sínú ẹ̀sọ́ọ̀sì mọ́tò, bí mọ́tò bá ti ń sáré tí ẹ̀sọ́ọ̀sì ti gbóná gan-an, á jó o di afẹ́fẹ́. Ó wà lára ohun tí ẹni tó ń ra motorhome GMC ìgbà ìṣáájú, ní nǹkan bí 1973, lè ní kí wọ́n fi sí i. Ó ti pòórá báyìí, mi ò sì bá ẹni tó wà lẹ́yìn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ yọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe Thermasan náà, Thetford, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Michigan ní 1963, ló ṣe èyí tó wá tọ́jọ́. Ní 1968 wọ́n gbé Porta Potti jáde: àpótí méjì tó gun ara wọn, omi mímọ́ wà nínú ti òkè, ti ìsàlẹ̀ ló ń gba ìdọ̀tí, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ wà láàrin wọn, tó bá kún o kàn máa já wọn kúrò lára ara wọn, o sì gbé ti ìsàlẹ̀ lọ bí ẹni gbé báàgì. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n wá ṣe cassette fún Yúróòpù, níbi tí ọkọ̀ kéré tí ọ̀nà sì há: tọ́ílẹ́ẹ̀tì dúró gbọn-in nínú ilé ìwẹ̀, àmọ́ àpótí ìdọ̀tí ń gba ilẹ̀kùn kékeré kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níta. Bíi lítà 17 sí 19 ló ń gbà. Èèyàn méjì, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ilẹ̀kùn kékeré yẹn ni mo rò pé ó yanjú ọ̀rọ̀, torí ìgbẹ́ ò gba àárín yàrá kọjá mọ́, o sì lè fúnra ẹ gbé tìẹ láìní ojútì.

Èyí tó kù ni kẹ́míkà. Formaldehyde ló pọ̀ nínú ti àtijọ́, ó ń pa òórùn, ṣùgbọ́n ó tún ń pa kòkòrò tí kò ṣeé fojú rí tó ń jẹ ìdọ̀tí nínú sẹ́pítìkì táǹkì, àwọn ọgbà abúlé tí kò ní páìpù ìjọba wá ń kọ̀ ọ́. Torí ẹ̀ ni irú èyí tí kò ní formaldehyde ṣe pọ̀ lórí igbá báyìí. Àwọn kan tiẹ̀ ti pa kẹ́míkà tì pátápátá. Lọ́dún tó kọjá, tọkọtaya ará Jámánì kan tá a jọ páàkì ṣí tiwọn hàn wá, wọ́n ti yọ cassette kúrò, ìtọ̀ ń gba iwájú lọ sínú kẹ́ẹ̀gì, èyí tó le ń bọ́ sẹ́yìn sínú báàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí, fáànù kékeré kan tó ń lo bátìrì ń fa òórùn jáde. Ìyàwó mi fi imú kan ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kò gbọ́ òórùn kankan, ó ní báàkẹ́ẹ̀tì ilé ìyá òun àgbà náà mà rèé.