Bí Omi Ṣe Ń Dé Ìdí Gbòǹgbò Níbi Tí Òjò Ti Ṣọ̀wọ́n

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ rà bí wọ́n bá fẹ́ máa bomi rin oko ni pọ́ǹpù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó kẹ́yìn. Pọ́ǹpù kò mọ iye omi tí irúgbìn ń mu, kò mọ irú ilẹ̀ tó wà lóko, kò sì mọ bí páìpù ṣe gùn tó. Ìdí irúgbìn ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Á gba inú ilẹ̀, á gba inú páìpù, kó tó dé ẹnu kànga.

Níbi tí oòrùn ti ń ta gan-an tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, irúgbìn tó ti bo ilẹ̀ sábà máa ń gba omi tó mìlímítà 5 sí 8 lóòjọ́, tí a bá ka èyí tí oòrùn ń fà lára ilẹ̀ mọ́ ọn. Mìlímítà dún bí nǹkan kékeré létí. Àmọ́ mìlímítà kan péré lórí hẹ́kítà kan, lítà 10,000 ni. Bó bá wá jẹ́ mìlímítà 6, lítà 60,000 ni hẹ́kítà kan ń béèrè lójúmọ́, ìyẹn ọgọ́ta táǹkì onílítà 1,000. Kànga tó ń sun lítà 1,000 ní wákàtí kan kò lè gbọ́ bùkátà yẹn bí wọ́n bá tiẹ̀ ń fà á tọ̀sán-tòru, nítorí lítà 24,000 ni gbogbo ohun tó máa rí sun. Kò sí pọ́ǹpù tó lè fa ohun tí kò sí nínú kànga.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni táǹkì àkọ́kọ́. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í gba omi dúró pẹ́, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bu omi fún un, lemọ́lemọ́. Ilẹ̀ amọ̀ ń mu omi lọ́ra, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́, ó lè gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Ojú ilẹ̀ a máa purọ́: ó lè gbẹ táútáú kí ìsàlẹ̀ ṣì tutù. Kí wọ́n wa ilẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò wà, kí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí wọ́n fún un pọ̀. Bó bá dúró bí òkèlè, omi ṣì wà níbẹ̀; bó bá fọ́ yángá, òùngbẹ ti ń gbẹ irúgbìn náà. (Iyanrìn kì í dì bí òkèlè bó ti wù kó rí. Bóyá ó tutù lọ́wọ́ ni kí wọ́n wò.) Ewé náà ń tanni jẹ. Èyí tó bá rọ lọ́sàn-án tó sì jí padà lálẹ́, ooru lásán ló mú un. Èyí tó bá ṣì rọ láàárọ̀ kùtù ni omi ti wọ́n.

Ọ̀nà tí omi ń gbà dé ìdí irúgbìn kò ju mẹ́ta lọ ní pàtàkì: kí wọ́n dà á sí poro, kí wọ́n fọ́n ọn bí òjò, tàbí kó máa kán tótó sí ìdí irúgbìn. Nínú lítà 100 tó bá wọ oko, ìṣirò tí FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń lò ni pé nǹkan bíi 60 ló ń wúlò fún irúgbìn bó bá jẹ́ ti poro, 75 bó bá jẹ́ fífọ́n, 90 bó bá jẹ́ kíkán. Kíkán yìí ni ó fa ojú mọ́ra jù níbi tí omi ti wọ́n. Simcha Blass, onímọ̀ ẹ̀rọ omi ní Ísírẹ́lì, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí iléeṣẹ́ ń ṣe jáde, ní abúlé Hatzerim nínú aginjù Negev ní 1965. Ojú ihò kọ̀ọ̀kan lára okùn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá sábà máa ń kán lítà 1 sí 4 ní wákàtí kan.

Ọ̀tá rẹ̀ ni ìdọ̀tí. Ihò náà tín-ín-rín débi pé hóró iyanrìn kan, ewéédò, tàbí èépá funfun tí omi líle (omi tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀) ń fi sílẹ̀ lè dí i pa. Ìdí nìyẹn tí asẹ́ fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn pọ́ǹpù, tí wọ́n sì ń ṣí ìdí okùn omi lóòrèkóòrè kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ṣàn jáde. Kí wọ́n gbé ife kan sábẹ́ ihò tó wà níbẹ̀rẹ̀ okùn, kí wọ́n gbé òmíràn sábẹ́ èyí tó wà ní ìparí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ti ìparí bá fi púpọ̀ kéré, ó ti dí nìyẹn, tàbí okùn gùn jù.

Ó wá kan pọ́ǹpù. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó ń fa omi, àmọ́ kì í fà á. Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú rẹ̀ ń ju omi síta, ibi tí omi náà fi sílẹ̀ a sì ṣófo. Afẹ́fẹ́ ìta tó tẹ orí omi kànga mọ́lẹ̀ ló wá ń ti omi gòkè sínú àyè náà. Bí ẹni fi sítírò mu omi ló ṣe rí. Agbára afẹ́fẹ́ yìí kò sì ju ibì kan lọ: kódà létí òkun, kò lè ti omi ju nǹkan bíi mítà 10.3 lọ. Lójú iṣẹ́, mítà 7 ló ṣeé gbọ́kàn lé, orí òkè kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá kò yí èyí padà. Bí omi bá jìn jù bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ sínú omi, kó máa tì í bọ̀ látìsàlẹ̀.

Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń bu omi kún pọ́ǹpù orí ilẹ̀ kí wọ́n tó tàn án, torí abẹ̀bẹ̀ tí kò rí omi jù kò lè ṣe nǹkan kan. Fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu páìpù nínú kànga ni kì í jẹ́ kí omi náà ṣàn padà. Ewé kan ṣoṣo tó bá há sí i lẹ́nu ti tó: pọ́ǹpù á máa ké, omi ò ní jáde, olóko á sì máa tú ẹ́ńjìnnì tí nǹkan kan ò ṣe. Bó bá wá ń dún bí ẹni mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, omi ló ń hó nínú rẹ̀ láìgbóná nítorí pé pọ́ǹpù kò rí omi tó gbà. Ìfóòfó tó ń bẹ́ níbẹ̀ yóò jẹ abẹ̀bẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹrù tí pọ́ǹpù ń gbé kì í ṣe gíga nìkan. Ara páìpù ń fi omi fálẹ̀: bí omi kan náà bá gba páìpù tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ìnira rẹ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po 32. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pa mọ́ lórí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, epo tàbí iná ni yóò gbà á. Láti gbé lítà 60,000 yẹn gòkè mítà 30 péré, nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 5 ni, bí ohunkóhun kò bá ṣòfò. Bí pọ́ǹpù àti mọ́tò bá fi ìdajì ṣòfò, ó di 10. Gíga yìí sì ni kí wọ́n wọ̀n láti ibi tí omi kànga dé lẹ́yìn tí wọ́n ti fà á fún wákàtí mélòó kan, kì í ṣe láti ibi tó wà láàárọ̀.

Iná oòrùn bá iṣẹ́ yìí mu, torí ọjọ́ tí irúgbìn ń mu omi jù ni oòrùn ń ràn jù, táǹkì orí ìdúró sì lè gba ipò bátìrì. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí epo tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó tó. Wọ́n á máa fà á ṣáá, omi abẹ́ ilẹ̀ á sì máa lọ sísàlẹ̀.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, òótọ́ ni, àmọ́ ní ilẹ̀ gbígbẹ ó lè tẹ iyọ̀. Omi kànga tí iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ìdajì gíráàmù nínú lítà kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu bí iyọ̀. Kí wọ́n bu mìlímítà 500 rẹ̀ sórí hẹ́kítà kan láàárín ìgbà ọ̀gbìn kan, ó di lítà 5,000,000, iyọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ kílógíráàmù 2,500. Oòrùn ń kó omi lọ, kì í kó iyọ̀. Àfi kí wọ́n máa bu omi lé e díẹ̀ kí ó fọ iyọ̀ kọjá ìdí gbòǹgbò, kí ọ̀nà sì wà tí omi iyọ̀ náà máa gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀. Lórí oko aláporo, orí ebè ni iyọ̀ ń gun lọ bí omi ṣe ń gbẹ, á funfun báláú. Níbi tí omi bá ti níyọ̀, ẹ̀gbẹ́ ebè ni wọ́n ń gbin hóró sí, kì í ṣe orí rẹ̀.