Osibisa

Osibisa jẹ́ ẹgbẹ́ olórin tí Teddy Osei, ọmọ Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, dá sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1969, pẹ̀lú Sol Amarfio onílù àti Mac Tontoh, àbúrò Osei, tó ń fọn tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì. Orin wọn jẹ́ àmúlùmálà háíláìfù, rock, jazz àti orin àwọn erékùṣù Kàríbíánì, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ará Yúróòpù mọ irú orin tí a wá ń pè ní Afro-rock.

Orúkọ àti ìbẹ̀rẹ̀

A gbà pé inú ọ̀rọ̀ Fante, èdè kan ní Gánà, tó ń jẹ́ osibisaba, ni orúkọ ẹgbẹ́ yìí ti jáde. Orúkọ ọ̀kan lára àwọn orin ijó etíkun Gánà tó ṣáájú háíláìfù ni. Osei máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún òǹwòran sí ìlù oríṣiríṣi tó ń gba inú ara wọn kọjá tó sì ń bú jáde pẹ̀lú ayọ̀. Ìtumọ̀ orí ìtàgé ni èyí, kì í ṣe ti onímọ̀ èdè, àmọ́ ó ṣàpèjúwe orin náà dáadáa.

Kí Osei tó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1962, ó ti darí ẹgbẹ́ The Comets ní Gánà. Lẹ́yìn tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dá ẹgbẹ́ Cat's Paw sílẹ̀, èyí tó ṣáájú Osibisa. Méje ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Osibisa àkọ́kọ́: àwọn ọmọ Gánà mẹ́ta náà, Wendell Richardson láti Antigua tó ń ta gìtá, Spartacus R láti Grenada lórí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, Robert Bailey láti Trinidad nídìí dùùrù, àti Lasisi Amao, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ọmọ Yorùbá, tó ń fọn sakisofóònù tó sì ń lu ìlù.

Ìlù àti ìṣeré ojú agbo

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rock ìgbà náà, onílù kan ṣoṣo ló ń gbé orin ró. Ti Osibisa yàtọ̀. Bí Amarfio ti jókòó sídìí ìlù ìgbàlódé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù ń lu conga àti agogo, tó fi jẹ́ pé Osei tàbí Amao lè gbé fèrè sílẹ̀ kí ó sì bọ́ sídìí ìlù nígbà tí kò bá kàn án láti fọn. Orin Music for Gong Gong, tó wà nínú àwo wọn àkọ́kọ́, fi èyí hàn kedere. Gong-gong inú orúkọ rẹ̀ ni agogo tí akéde ń lù láàrin ìlú ní Gánà, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá náà. Lórí ìlù yìí ni àwọn afọnfèrè ti ń pa ohùn pọ̀, tí dùùrù àti gìtá oníná sì ń dárà láàrin wọn. Lílé àti gbígbè ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ orin wọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sì í pọ̀, nítorí ijó ni wọ́n fi ṣáájú. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ wọn fi ka ìṣeré ojúkojú sí ibi tí agbára wọn ti hàn jù. Wọ́n gbé àwo kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ní Royal Festival Hall, Lọ́ńdọ̀nù, jáde lọ́dún 1977.

Àwo orin

Àwo méjì, Osibisa àti Woyaya, ló jáde lọ́dún 1971. Tony Visconti ló bójú tó gbígbà wọn sílẹ̀, Roger Dean sì ni ó ya erin oníyẹ̀ẹ́ ara èèpo wọn, àwòrán tó di àmì ìdánimọ̀ ẹgbẹ́ náà. Sunshine Day dé ipò 17 lórí àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1976.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e

Ẹgbẹ́ náà ṣeré níbi ayẹyẹ òmìnira Zimbabwe lọ́dún 1980. Tontoh kú lọ́dún 2010, Osei sì kú ní oṣù kìíní ọdún 2025.