Àwọn irinṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́: ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá

Ẹni tó bá ti sá kòkó rí lágbègbè Oǹdó mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ti kó o kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ti tẹ́ ẹ sórí tápólì, oòrùn ń ràn yòò, kẹ́ ẹ tó gúnyán ọ̀sán tán ojú ọjọ́ ti ṣú dẹ̀dẹ̀, tọmọdé tàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kòkó tí òjò bá pa báyẹn, tó bá lọ bu, owó ẹ̀ já nìyẹn. Àwọn bàbá wa ní àmì tiwọn o, lékeleke bá ti dé, ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé nìyẹn, wọ́n mọ òjò àkọ́rọ̀ yàtọ̀ sí àrọ̀kúrò. Ṣùgbọ́n lékeleke ò lè sọ fún yín bóyá ọ̀la ni àbí ọ̀tunla, kò sì lè sọ bí omi ṣe máa pọ̀ tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé wíwọn ojú ọjọ́ àti sísọ ohun tó máa ṣe lọ́la, wọn kì í ṣe ìbejì rárá. Ó ju igba ọdún lọ tí aráyé fi ń wọ̀n ọ́n kí ẹnì kan tó láyà láti gbé e síta pé báyìí ni ọ̀la ṣe máa rí.

Òjò ló tètè rí irinṣẹ́ tiẹ̀. Àwọn ará Íńdíà ti ń gbé ìkòkò sábẹ́ òjò tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n Kòríà ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba, ní 1441, láyé Ọba Sejong. Tẹ́lẹ̀, tí òjò bá dá, ńṣe làwọn ìjòyè máa ń gbẹ́lẹ̀ wò láti mọ ibi tómi wọ̀ dé, wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sáàfin. Kò lè tọ̀nà, torí ilẹ̀ oṣù kejì tó ti gbẹ táútáú ò lè mumi bíi ti oṣù keje. Àrẹ̀mọ ọba ni wọ́n ní ó wá mú àbá wá, pé kí wọ́n rọ agolo onírin tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú ìdí ẹ̀, tó ga bíi 30 sẹ̀ntímítà, kí wọ́n gbé e sí gbangba, kí wọ́n máa fi ọ̀pá wọn omi tó bá wà níbẹ̀. Agolo kan náà ni wọ́n pín ká gbogbo ìlú. Lójú tèmi ibi tí ọgbọ́n ẹ̀ wà gan-an nìyẹn, torí tí tèmi bá fẹ̀ ju tìẹ lọ, kí la fẹ́ fi wéra?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bàròmítà, tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó, ọ̀rọ̀ fífami ló bí i. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga fún wa ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé tómi bá ti jìn ju bíi 8 mítà lọ, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbé sókè létí kànga máa kàn máa pariwo lásán ni, kò ní fa nǹkan kan, àfi kẹ́ ẹ ju súmò sínú omi. Láyé Galileo ní Ítálì, ohun kan náà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, pọ́ǹpù wọn ò fami kọjá bíi 10 mítà, kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Evangelista Torricelli ló wá sọ ọ́ nǹkan bíi 1643 pé kì í ṣe pọ́ǹpù ló ń fami, afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa níwọ̀n, òun ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tómi fi ń gun páìpù, ibi tágbára afẹ́fẹ́ bá mọ lomi náà máa dúró sí. Kó má bàa máa gbé páìpù gígùn kiri, mákúrì ló lò, irin tó ń ṣàn bí omi, tó wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13 àti díẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ kún ọ̀pá dígí, wọ́n dorí ẹ̀ kodò sínú abọ́, mákúrì yẹn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó wá dúró gbọnin ní bíi 76 sẹ̀ntímítà.

Ní 1648, Blaise Pascal ní Faransé ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin gbé irú ẹ̀ gun òkè Puy de Dôme. Ẹ fojú inú wo ẹni tó gbé dígí àti mákúrì dání tó ń fi gun òkè Ìdànrè! Wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹnì kan ń ṣọ́ ọ látàárọ̀, kò mira. Ti orí òkè ti wálẹ̀ ní bíi 8 sẹ̀ntímítà. Bí wọ́n ṣe wá ń wò ó lójoojúmọ́ ni wọ́n rí i pé ó máa ń wálẹ̀ nígbà tí ìjì bá fẹ́ dé. Ní 1844, Lucien Vidi ṣe èyí tí ò ní mákúrì nínú, àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, irú ẹ̀ náà ló di aago tó ń sọ fún awakọ̀ òfurufú bó ṣe ga tó.

Tẹmọ́mítà ò le púpọ̀. Fahrenheit ṣe ti mákúrì ní 1714, Celsius gbé tiẹ̀ dé ní 1742, òdì ló tilẹ̀ kọ́kọ́ tò ó sí, omi híhó ni 0, yìnyín ni 100, kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i po. Èyí tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló pa mí lẹ́rìn-ín, irun orí èèyàn ni de Saussure fi ṣe é ní 1783, torí irun máa ń gùn sí i tí afẹ́fẹ́ bá lómi, ó sì máa ń sún kì tí ọyẹ́ bá dé. Àpótí funfun onífèrèsé tí wọ́n ń kó tẹmọ́mítà sí, tẹ́ ẹ kà nípa ẹ̀ nínú jọ́gíráfì WAEC, Thomas Stevenson tó ń kọ́lé iná fún ọkọ̀ ojú omi ní Skọ́tílándì ló ni ín. Níléèwé tèmi aláǹgbá ló ń gbénú ẹ̀, ẹ jẹ́ á fi síbẹ̀.

Gbogbo wọn ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ tọ̀la. Ìdí ni pé bàròmítà kan ṣoṣo, ibi tó wà nìkan ló mọ̀, ìjì sì ń rìn láti ìlú dé ìlú. Wáyà tẹlígíráàfù, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ kíákíá láti ìlú sí ìlú, ló tú u sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti lè tẹ wáyà, ìjì tó bá wà níbì kan láàárọ̀, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lè gbọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ tó gbé Darwin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káyé, ni ìjọba Ìlú Ọba fi sídìí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní 1854. Ní 1859 ìjì fọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Royal Charter, èèyàn tó ju 400 lọ ló bá a lọ. FitzRoy bẹ̀rẹ̀ sí í gba wáyà láti etíkun lójoojúmọ́, nígbà tó di oṣù kẹjọ 1861 ó gbé àsọtẹ́lẹ̀ síta nínú ìwé ìròyìn The Times. Ọjọ́ tó bá sì tàsé, wọ́n á bú u, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbẹ̀mí ara ẹ̀ ní 1865, ó ṣe mí láàánú gan-an.

Látìgbà yẹn, ńṣe ni irinṣẹ́ kàn ń pọ̀ sí i. Bíi 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so rédíò mọ́ bàlúùnù kó lè máa sọ bí òkè lọ́hùn-ún ṣe rí. Ogun Àgbáyé Kejì làwọn tó ń fi rédà wá ọkọ̀ òfurufú rí i pé òjò náà ń hàn níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣírò ojú ọjọ́ ní 1950, sátẹ́láìtì TIROS-1 gòkè ní 1960. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin 2003 ló dá NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, sílẹ̀, wọ́n ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, náà sì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí.

Kí ló wá dé tí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ inú fóònù ṣì ń pa irọ́? Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò fún un ti gé gbogbo ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan lè fẹ̀ tó 9 sí 25 kìlómítà, gbogbo Àkúrẹ́ lè bọ́ sínú ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ òjò tiwa níbí, òjò alárá tó ń kóra jọ lọ́sàn-án gangan, kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà míì, ó lè máa dà ní Alágbàká kí ilẹ̀ gbẹ ní Ìjọ̀kà. Rédà ló lè rí irú òjò yẹn lójú kòrókòró, àmọ́ ìgbà tó bá ti ṣú tán ni, èyí tó máa sọ fún yín ò ju ti wákàtí kan sí méjì lọ.