Kí ẹ tó ra gìtá àkọ́kọ́, ẹ mú káàdì ATM mẹ́ta dání

Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Gìtá tuntun tó gbé lọ́wọ́ dúdú, ó sì ń dán. Ìyá ní, "Tíṣà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Òun ló fi ẹkún gba gìtá yìí, ó tún ní òun ò ṣe mọ́, pé ìka ń dun òun." Mo gba gìtá náà, mo tẹ okùn kan mọ́lẹ̀, ó sì dun èmi náà, èmi tí orí ìka mi ti yi láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Okùn gìtá rẹ̀ ló ga jù.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nídìí gìtá nìyẹn, ó sì ń dùn mí torí pé wọ́n á gbà pé àwọn kò ní ẹ̀bùn orin. Gìtá tó yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni èyí tó rọrùn láti tẹ̀, tí ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣáko. Ẹ fi àwọ̀ àti dídán sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú káàdì ATM mẹ́ta dání. Káàdì kan kò tó mílímítà 1 ní sísanra. Mẹ́ta lórí ara wọn á tó bíi 2.3. Ẹ wo àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tí àwa olórin ń pè ní fret. Ẹ kà wọ́n láti orí gìtá wá sí ìdí, kí ẹ dúró ní ìkejìlá, níbi tí àmì róbótó méjì sábà máa ń wà. Ẹ ki káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáàárín irin yẹn àti okùn tó nípọn jù. Bí wọ́n bá wọlé láìgbé okùn sókè, tí àyè tó kù ò sì tó nǹkan, ó dára fún gìtá olókùn irin tí kì í lo iná. Bí márùn-ún bá lè wọlé, ìyà ni ẹ fẹ́ rà fọ́mọ. Gìtá oníná máa ń lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, bíi káàdì méjì. Ti olókùn náílọ́ọ̀nù máa ń ga tó mẹ́rin, èyí kò sì burú nítorí okùn rẹ̀ rọ̀.

Gíga okùn nìkan kò ní kí ẹ sá. Egungun tàbí ike pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ gìtá tí okùn jókòó lé. Ẹni tó mọ gìtá tún ṣe á yọ ọ́, á fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ha mílímítà 2 kúrò, okùn á fi bíi 1 wálẹ̀ ní fret kejìlá. Iṣẹ́ kékeré ni, òun la sì ṣe sí gìtá ọmọ yẹn. Nítorí náà, ẹ má ná gbogbo owó yín tán lọ́jà. Ẹ fi ti ẹni tó máa tún un ṣe sílẹ̀.

Ọrùn tó tẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ tẹ okùn kan mọ́ fret àkọ́kọ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá, kí ẹ wá wo àárín. Àlàfo ibẹ̀ kò yẹ kó ju sísanra káàdì ìpè ìgbéyàwó lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ọrùn ti tẹ̀. Irin kan wà nínú ọrùn ọ̀pọ̀ gìtá olókùn irin tí a lè yí láti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi gìtá yẹn sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lo etí. Áàpù tí wọ́n fi ń tún ohùn gìtá ṣe wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ta okùn lásán, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní fret kejìlá, kí ẹ ta á. Ohùn kan náà ló yẹ kí áàpù pè é, tínrín nìkan ló fi yàtọ̀. Bí ó bá yà kúrò níbẹ̀ gan-an, kò sí bí ọmọ ṣe lè tún un ṣe tí orin rẹ̀ á fi dùn létí. Ẹ wá ta okùn kọ̀ọ̀kan ní fret kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà lè máa kanjú, ẹ má dá a lóhùn. Ibi tó bá ń dún bí eṣinṣin tó há sínú agolo, ó ṣeé ṣe kí irin kan níwájú ibẹ̀, lápá ìdí gìtá, ti yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n máa ń bi mí pé irú èwo gan-an ni kí àwọn rà. Mo máa ń bi ọmọ pé orin ta ló ń wù ú. Bó bá ní King Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey, gìtá oníná ni ohùn tó wà létí rẹ̀. Ẹ má fi tipátipá fún un ní òmíràn. Okùn gìtá oníná tín-ín-rín, ó sì rọrùn láti tẹ̀. Ẹ kàn ka owó ẹ̀rọ amóhùngbòòrò àti wáyà mọ́ ọn, àfi bí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá ní èyí tí ọmọ lè lò. Fún ọmọ tí ìka rẹ̀ kéré, náílọ́ọ̀nù dára. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má so okùn irin mọ́ gìtá náílọ́ọ̀nù láé. Agbára tí okùn irin mẹ́fà fi ń fa igi tó bíi kílò 70, ti náílọ́ọ̀nù kò ju bíi 40 lọ. Àyà gìtá á wú, ibi tí okùn so mọ́ á sì ṣí kúrò.

Nínú gìtá olówó pọ́ọ́kú, Yamaha F310 fún okùn irin àti C40 fún náílọ́ọ̀nù kò já mi kulẹ̀ rí. Squier, tó jẹ́ ti Fender, àti Epiphone, tó jẹ́ ti Gibson, dára fún oníná. Síbẹ̀ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe wí, torí ẹnikẹ́ni lè lẹ orúkọ mọ́ igi. Tòkunbọ̀ tí ọrùn rẹ̀ tọ́ ni èmi á mú ṣáájú tuntun aláìlórúkọ. Gìtá tí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ra kì í sì í tètè sán nígbà ọyẹ́ bíi ti ojúlówó igi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dójú tì yín. Kí ẹ kàn má fi sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án, nítorí ooru máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀.