Iṣẹ́ pùrodúsà lórí àwo orin rọ́ọ̀kì

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ni pùrodúsà. Ẹnjiníà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní àwọn sítúdíò kéékèèké, irú èyí tó wà l'Ádó-Èkìtì, ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì. Iṣẹ́ pùrodúsà gan-an ni kó fetí sílẹ̀, kó sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó sì ní ìgboyà láti yọ ohun tó pọ̀ jù.

Kí ẹgbẹ́ olórin tó wọ sítúdíò ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ègbè bá pẹ́ jù kó tó wọlé, pùrodúsà yóò ní kí wọ́n fà á síwájú. Ní 1962, àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé orin kan tó ń falẹ̀ wá bá George Martin, pùrodúsà wọn. Ó ní kí wọ́n mú un yára. Nígbà tó jáde ní oṣù kìíní 1963, ó gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Dírọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, torí òun ni ìyókù ń tẹ̀ lé. Ibí yìí ni sùúrù ti máa ń tán. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ onílù Èkìtì ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ìlù ti ń sáré bí ìyìn bá ti gbóná. Ní sítúdíò, ẹ̀rọ á máa dún kọ́, kọ́, kọ́ sí onílù létí, kò sì gbọdọ̀ sá ṣíwájú rẹ̀. Ó lè lù ú lọ́pọ̀ ìgbà. Bí èyí tó mọ́ bá gbẹ, tí èyí tó ní àbùkù díẹ̀ sì ń mú orí ẹni wú, èyí tó ń mú orí wú ló yẹ kí pùrodúsà mú.

Gìtá ló kàn. Onígìtá á ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì. Bí wọ́n bá kàn da ẹyọ kan kọ sí ìhà méjèèjì, orin náà kò ní fẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín títa méjèèjì ló ń mú un fẹ̀. Wọn a máa pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí akọrin bá fẹ́ kọrin, kí máíkì má baà gbé ariwo rẹ̀. Bátìrì ni wọ́n á fi gbé ẹ̀rọ dúró.

Lẹ́yìn èyí ni míìsì, níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tó máa ròkè àti ohun tó máa rẹlẹ̀. Pùrodúsà á gbọ́ ọ nínú mọ́tò, á gbọ́ ọ lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ akọrin kò bá já gaara lórí fóònù, wọ́n á padà sídìí ẹ̀rọ.