Bí wọ́n ṣe ń wé kọ́ìlì fáànù tó jó

Tí ooru Ìlọrin bá ti mú débi pé fáànù kì í sinmi tọ̀sán-tòru, láti Táíwò dé Gáà Àkàǹbí, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń wé kọ́ìlì, ìyẹn wáyà wíwé inú fáànù tó ń mú un yí, á kún. Iná tó wá lójijì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Àmọ́ eruku ọyẹ́ náà ń dá kún un: á wọnú búṣì, ìyẹn irin oníhò tí ọ̀pá fáànù ń yí nínú rẹ̀, á fa òróró ibẹ̀ gbẹ, ọ̀pá fáànù á wá máa le yí. Fáànù tí kò yí dáadáa kò rí atẹ́gùn fẹ́ sí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná tó ń fà ń pọ̀ sí i.

Wáyà inú kọ́ìlì kò wà níhòòhò bó ṣe ń dán yẹn. Aṣọ fáníìṣì kan wà lára rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bí aṣọ yìí bá bó, ìyípo méjì á fara kanra, ibẹ̀ á gbóná, á jó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí òórùn á fi gba yàrá.

Kí wọ́n tó tú u, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo fíúsì kékeré tó sábà máa ń wà lára kọ́ìlì, lábẹ́ okùn tí wọ́n fi dì í. Ooru ló ń já a. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló já, fáànù á kú fin-ín, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe kọ́ìlì. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì tún tú u dànù, owó oníbàárà ló ń jẹ.

Bó bá jó lóòótọ́, wọ́n á ka iye wáyà tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan lára irin tí kọ́ìlì wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì wọn bó ṣe nípọn, nǹkan bíi 0.2 mm. Wọ́n á fi abẹ fá a: bó bá pọ́n, kọ́pà ni, bó bá funfun, alumíníọ̀mù ni, kì í gbé iná tó kọ́pà. Àwọn kan máa ń dín ìyípo kù kí wáyà má baà tán. Fáànù á fẹ́ yàyà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ, ṣùgbọ́n bí ìyípo ṣe dín ni iná tó ń gbà kọjá ṣe pọ̀, kì í pẹ́ tó fi ń padà wá.

Ibi wíwé gan-an ni ọwọ́ ti ń yàtọ̀ sí ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wé e, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ òsì fi àkísà di wáyà mú. Kí kọ́ìlì le kì í ṣe pé kí wọ́n fà á tagbáratagbára. Wáyà tí wọ́n fà jù á tínrín, fáníìṣì rẹ̀ á sán. Èyí tó bá dẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: iná wa ń gbọ̀n ọ́n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa ha ara rẹ̀ títí á fi bó. Ahunṣọ òfì á ti mọ irú ìfà yìí lọ́wọ́.

Bébà ni wọ́n ń tẹ́ sínú ihò kí wáyà tó wọlé, ọparun dídán ni wọ́n sì fi ń tì í, kì í ṣe sukudiráfà. Kọ́ìlì tó tẹ̀ léra gbọ́dọ̀ kọjú síra lódì. Bí wọ́n bá so ó gbòdì, fáànù á kàn máa kùn ni, kò ní yí. Wọ́n á fi mítà wò ó pé wáyà kò kan irin, wọ́n á da fáníìṣì lé e, ó di inú oòrùn. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, gílóòbù nínú páálí ló ń gbẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fi èékánná kàn án tó dún kó bí igi, ó ti gbẹ. Bó bá ṣì rọ̀, ó tún padà sínú páálí.