Egbò ẹsẹ̀ tí kò dun èèyàn: ṣé oògùn ló tẹ̀ lóòótọ́?

Bí egbò bá yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan, tó pẹ́ tí kò jinná, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni pé ó tẹ nǹkan. Wọ́n á ní ẹnì kan ló da oògùn sójú ọ̀nà dè é. Ẹ̀rí wọn ni pé egbò náà ò dùn ún: egbò wo ló ń jẹra tí kì í ro ẹni tó ni ín, bí kò bá sí ọwọ́ ayé níbẹ̀?

Àìdùn yẹn gan-an ló yẹ kó mú wa ronú kan ìtọ̀ ṣúgà. Tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ó máa ń ba iṣan tí ara fi ń mọ ìrora jẹ́. Àwọn iṣan tó gùn jù, tó dé ìka ẹsẹ̀, ló ń kọ́kọ́ kú. Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ṣe yìnrìnyìnrìn, nígbà tó bá yá, á kú tipiri. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tẹ ìṣó kó sì rìn dọ́jà kó bọ̀. Eku lè gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ lóru kó má jí. Wọ́n á ní eku ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bó ṣe ń jẹ ẹ́. Eku kankan ò fẹ́ atẹ́gùn. Ẹsẹ̀ ni kò mọ nǹkan lára mọ́.

Ṣúgà yìí kan náà ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún, pàápàá nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wo egbò sàn ò sì ní dé ibẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ kúlúkúlú lókè ẹsẹ̀. Á tún ní kí èèyàn dijú, á wá fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, láti wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n lára.

Ti egungun ló burú jù. Ẹsẹ̀ kan á wú, á pọ́n, á gbóná ju èkejì lọ, láìsí egbò, ìrora rẹ̀ sì lè má tó nǹkan. Egungun inú rẹ̀ ló ń fọ́, tó ń yẹ̀, bí ẹni náà ṣe ń rìn lórí rẹ̀. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé, ti ṣàpèjúwe irú oríkèé bẹ́ẹ̀ ní 1868, lára àwọn tó ní àìsàn mìíràn. Ní 1936 ni dókítà mìíràn, William Riely Jordan, so ó mọ́ ìtọ̀ ṣúgà. Nílé tiwa, omi gbóná ni wọ́n á fi jó o, tàbí kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i. Omi á bó o láìjẹ́ pé ó mọ̀, abẹ á sì dá egbò tuntun. Ohun tó yẹ ni kó má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́, kó tètè dé ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti lè fi P.O.P., ẹfun líle tí wọ́n fi ń de egungun tó dá, dè é.

Kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà nìkan ló ń kan egungun àti ẹsẹ̀: gẹ̀gẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọrùn nìkan. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe báyìí o, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ. Bí ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń wú di gẹ̀gẹ̀ (táírọ́ìdì) bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, egungun á máa jẹ kíákíá ju bí ara ṣe ń dí i lọ. Ìyá tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́ lè ṣubú díẹ̀ kí egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Bí ẹṣẹ́ náà bá sì ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ á máa tutù, ọ̀rá á sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá oògùn wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé bàbá lọ sílé aláwo, ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò láàárọ̀ kó tó jẹun. Tó bá jẹ́ 126 mg/dl tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un ṣe tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni. Bí ìka bá sì ti ń dúdú tàbí tó ń rùn, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.